Amọ̀kòkò Tó Dúró Fún Àwòrán

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ò jókòó mọ ìkòkò rí. Bí ìyá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ nìyẹn: ìkòkò á wà lójú kan, ẹni tó ń mọ ọ́n á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á máa fẹ̀yìn rìn yí i ká, á máa fi àkísà tútù fa ẹnu rẹ̀ yọ. Láti ìgbà ọmọge ló ti ń yí báyìí. Abájọ tí ìbàdí rẹ̀ fi daṣẹ́ sílẹ̀ ṣáájú òun fúnra rẹ̀.

Lọ́dún yìí, ó ní ó ti rẹ òun. Ó ku ìkòkò ńlá kan, irú èyí tí ìyá rẹ̀ máa ń mọ, tí òun ò tíì mọ yanjú rí.

"Tí èyí bá ti jáde dáadáa, mo jókòó nìyẹn."

Ọmọ rẹ̀ obìnrin, ayàwòrán, ń múra ìpàtẹ àwòrán kan lọ́wọ́. Iṣẹ́ ìbílẹ̀ ìdílé wọn ló fẹ́ yà. Mo fẹ́ràn ọmọ náà o, àmọ́ ojú lásán ló fi mọ amọ̀, kò fọwọ́ kàn án rí. Ọjọ́ tí ìkòkò ńlá dé ẹnu gan-an ló gbé pátákó àwòrán rẹ̀ wá sí àgbàlá tá a ti ń ṣiṣẹ́.

"Màámi, ẹ dúró síbẹ̀ yẹn. Ẹ má mì."

"Ẹnu ìkòkò ni mo wà o."

"Díẹ̀ péré ni. Bí ẹ ṣe bẹ̀rẹ̀ yẹn ló dáa jù."

Ó dúró. Èmi tí mò ń po amọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan mọ̀ pé téèyàn bá ti dẹ́kun yíyí, atẹ́gùn á mú kí ẹnu ìkòkò gbẹ. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹ̀gbọ́n ìyá mi ṣẹ́jú sí mi pé kí n má sọ ọ́. Inú bí mi, mo padà sídìí amọ̀ mi.

Ọmọ ń yà, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Nígbà tó ní ó tó, ẹ̀gbọ́n ìyá mi fi àkísà kan ẹnu ìkòkò, ó ti sán yíká.

"Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi, Màámi?" Omi ti lé sójú ọmọ.

"Ó ti pẹ́ tí mo ti ń pè ẹ́ kó o wá wo iṣẹ́ yìí. Ọjọ́ tó o wá, ṣé kí n ní kó o máa lọ ni?"

Ó wo àwòrán náà títí. Nínú rẹ̀, ẹnu ìkòkò ń dán, kò sán níbì kankan. Ó fa àpótí, ó jókòó, ó ní kí n kó amọ̀ yẹn dà nù.

"Amọ̀ náà ṣì ṣeé tún pò, Màmá," mo ní.

"Mo mọ̀," ó wí. "Èmi ni mi ò ṣeé tún pò."