Òróró Lórí Òrùlé Òtẹ́ẹ̀lì

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kò fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ máa kọ́ ilé pákó. Ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ yìí kọ́ iṣẹ́ ayàwòrán ilé ní yunifásítì, ó ṣiṣẹ́ díẹ̀ lábẹ́ àwọn ẹlòmíràn, ó wá fi iṣẹ́ sílẹ̀ kí ó lè dá dúró. Pálọ̀ ìyá rẹ̀ ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, ló fi ṣe ọ́fíìsì, lórí tábìlì ìjẹun, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fìrísà ńlá tí kò gba inú kíṣìnì. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó fẹ́ gbà fúnra rẹ̀ wá láti ìlú kékeré kan ní òkè téńté ayé, nínú yìnyín. Àwọn arìnrìn-àjò ń rọ́ lọ síbẹ̀ láti wo ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ewé tó máa ń jó lójú ọ̀run, ìlú náà sì fẹ́ òtẹ́ẹ̀lì tuntun tí wọn yóò máa sùn sí. Igi ni kí wọ́n fi kọ́ ọ, igi tí wọ́n gé nítòsí, kí ó má máa jẹ epo púpọ̀ kí inú rẹ̀ tó gbóná, kí ó má sì ba ilẹ̀ jẹ́. Àwọn ayàwòrán mìíràn náà ń du iṣẹ́ yìí. Bí ọmọ wa kò bá rí i gbà, àfi kó padà lọ bẹ àwọn ọ̀gá tó ti fi sílẹ̀.

"Ilé pákó!" Ẹ̀gbọ́n mi ló ń pariwo sí mi létí lórí fóònù. "Mo ṣiṣẹ́ alẹ́ tọ́ ọmọ nílùú ọba, ilé pákó ló fẹ́ kọ́. Ó tún wá gbé e sórí òpó! Ṣebí à bá ti jókòó sí Mákòkó."

Òótọ́ ni, orí òpó ló gbé e sí. Ó ti ṣàlàyé fún ìyá rẹ̀ pé ilẹ̀ ibẹ̀ dì gbagidi bí ẹran inú fìrísà. Bí ilé bá jókòó lé e, ooru inú ilé yóò yọ́ ọ, ilé yóò sì rì. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gbé e sókè, kí atẹ́gùn tútù lè máa fẹ́ gba abẹ́ rẹ̀.

"Ilé tó lè jóná, tó lè jẹrà," ni ẹ̀gbọ́n mi wí, "ó tún wá lè rì?"

Láti ọjọ́ náà ni oorun ti dá lójú rẹ̀.

Nígbà tó yá, àwọn ará ìlú náà ránṣẹ́ pé ẹni méjì ń bọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù wá wo iṣẹ́ ọmọ wa níbi tó ti ń ṣe é. Ó ní òun yóò yá yàrá kan ní New Cross fi ṣe ọ́fíìsì lọ́jọ́ náà. Ìyá rẹ̀ ní, "Ṣé a ò nílé ni?" Wọ́n bá pe èmi náà kúrò nídìí iṣẹ́ ìròyìn mi, nítorí pé ẹ̀gbọ́n mi kò gbà pé kí àlejò wọlé kí ó má bá àgbà ọkùnrin kan níbẹ̀.

Bí mo ṣe wọlé láàárọ̀ ọjọ́ náà ni mo gbọ́ "Àmín!" Ẹ̀gbọ́n mi dúró ti tábìlì pẹ̀lú ìgò òróró ìyàsímímọ́ lọ́wọ́. Ìyá kan láti ṣọ́ọ̀ṣì wọn dúró tì í, ó ṣì dijú. Ọmọ ti lọ ra kéèkì ní East Dulwich. Òtẹ́ẹ̀lì kékeré tó fi igi funfun gbẹ́ gẹ́gẹ́ bí àwòṣe wà níwájú wọn, fèrèsé rẹ̀ kò ju èékánná lọ, òróró sì ń wọ inú òrùlé rẹ̀ lọ bí ọbẹ̀ ṣe ń wọ inú búrẹ́dì. Ó dà bí abíyá ẹ̀wù ẹni tó sáré lé bọ́ọ̀sì.

"Oníròyìn, o pẹ́," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "A ti ṣe é tán."

Ilẹ̀kùn ṣí. Ọmọ dé. Ó wo òrùlé, ó wo ìgò.

"Mọ́mì, kí lẹ dà sí i?"

"Òróró àdúrà ni. Díẹ̀ báyìí."

"Mọ́mì, èyí kì í ṣe díẹ̀!"

"Èmi kọ́ ni mo dà á o," ni ìyá ṣọ́ọ̀ṣì wí. "Èmi 'Àmín' nìkan ni mo ṣe."

Ọmọ jókòó, ó fi ọwọ́ bo ojú. Nígbà tó dìde, ó ní kò sí ọ̀nà mìíràn ju kí a fi òróró kun gbogbo rẹ̀ kí àwọ̀ rẹ̀ lè dọ́gba. Ṣùgbọ́n òróró àdúrà ti tán nínú ìgò. Mo sáré lọ mú òmíràn ní kíṣìnì. Ẹ̀gbọ́n mi dínà mọ́ mi.

"Èyí tí a ò gbàdúrà sí? Ìdajì ilé á wà lábẹ́ ààbò, ìdajì á wà níta?"

"Ẹ gbàdúrà sí i nígbà náà, Mọ́mì! Wọ́n ti wà nínú ọkọ̀ ojú irin!"

"Kí ó kúrú o," ni ìyá ṣọ́ọ̀ṣì wí. "Mo fẹ́ lọ mú bọ́ọ̀sì."

Ó kúrú. Ìyá ṣọ́ọ̀ṣì jáde, àwa mẹ́ta yòókù mú àkísà, a bẹ̀rẹ̀ sí í kun ilé. Àwọ̀ rẹ̀ dọ́gba, ó tiẹ̀ dán bí oyin. Ìgbà tí a parí ni mo tó mọ̀ pé òróró tí wọ́n ti fi din dòdò ni mo mú. Òtẹ́ẹ̀lì wa ń ta sánsán.

Àwọn àlejò dé, ọkùnrin àgbàlagbà kan tó nírùngbọ̀n, àti obìnrin kan tó jẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà. Wọ́n bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún wọn. Ẹ̀gbọ́n mi rọra sọ fún mi pé, "Wọ́n lẹ́kọ̀ọ́."

Obìnrin náà béèrè ibi tí yìnyín orí òrùlé yóò máa já sí. Ọmọ ní ẹ̀gbẹ́ ilé ni, kò ní já sẹ́nu ọ̀nà. Tí ògiri bá bàjẹ́ ńkọ́? Ó ní àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà ìlú lè yọ èyí tó bàjẹ́, kí wọ́n fi òmíràn sí i. Ó ń lọ dáadáa. Ni bàbá onírùngbọ̀n bá tẹ̀ mọ́ àwòṣe náà, ó fa imú.

"O kọ ọ́ ránṣẹ́ sí wa pé o ò ní fi nǹkan kan kun igi rẹ. Kí wá nìyí?"

Ọmọ wo ìyá rẹ̀.

"Òróró ni," ló wí. "Mọ́mì mi gbàdúrà sí i."

Bàbá yíjú sí ẹ̀gbọ́n mi. "Kí lẹ béèrè nínú àdúrà náà?"

Gẹ̀ẹ́sì sá mọ́ ẹ̀gbọ́n mi lẹ́nu. Yorùbá ló fi dáhùn, ó sì dáhùn pẹ́. Ọmọ túmọ̀ rẹ̀ pé, "Ó ní kí iṣẹ́ náà yọrí sí rere."

Láti ìgbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́ oníròyìn, n kò lè jókòó kí wọ́n gé ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí kúrú lójú mi.

"Kò sọ bẹ́ẹ̀," ni mo wí. "Ohun tó sọ ni pé: ilé yìí kò ní jóná, kò ní jẹrà, kò ní rì. Ẹni tó bá sùn síbẹ̀ yóò jí. Àwọn tí wọ́n jọ ń du iṣẹ́ náà, kí ẹsẹ̀ wọn yọ̀ lórí yìnyín."

"Ọ́ńkù!"

Obìnrin gbẹ́nàgbẹ́nà bú sẹ́rìn-ín. Ó ní ọ̀kan nínú wọn ti ṣubú nígbà tó wá wo ilẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì kán.

"Kí n tiẹ̀ tó gbàdúrà?" ni ẹ̀gbọ́n mi wí.

Bàbá kò rẹ́rìn-ín. Ó ní òtẹ́ẹ̀lì tí àwọn ní tẹ́lẹ̀, iná ló jó o. Èyí tí wọ́n kọ́ tẹ̀lé e rì lápá kan, débi pé tí ọsàn bá bọ́ lọ́wọ́ èèyàn ní yàrá ìjẹun, kíṣìnì ni yóò ti lọ bá a. Ó nawọ́ sí ọmọ wa. "Dá ìyá rẹ lóhùn. Báwo ni kò ṣe ní jóná?"

Ọmọ kúnlẹ̀ ti àwòṣe rẹ̀. Ó ní igi tó nípọn gan-an kì í jó bíi pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ara rẹ̀ á di èédú, èédú náà á sì bo inú rẹ̀ títí àwọn èèyàn á fi jáde.

"Àmín," ni ẹ̀gbọ́n mi wí.

Ó ní etí òrùlé gùn kọjá ògiri, omi kò ní ráyè bá igi gbé tí yóò fi jẹrà.

"Àmín."

Ó ní bí ilẹ̀ bá yọ́ lábẹ́ òpó kan, wọ́n lè fi jáàkì gbé ilé padà sókè. Ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo abẹ́ ilé náà fúnra rẹ̀.

"Àwọn tó ń sùn ńkọ́?"

"Ọ̀nà àbájáde méjì ni, Mọ́mì. Fún yàrá kọ̀ọ̀kan."

"Àmín o."

Àwọn àlejò jẹ kéèkì, wọ́n lọ. Nígbà tí fóònù dún lẹ́yìn náà, ọmọ fi ohùn rẹ̀ sí gbangba kí gbogbo wa lè gbọ́. Wọ́n ní iṣẹ́ ti di tirẹ̀. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó gé igi kan, ó gbọ́dọ̀ wá gbé ọ̀dọ̀ wọn ní gbogbo ìgbà òtútù kan, kí ó fi ojú ara rẹ̀ rí bí yìnyín ṣe ń ṣe sí ilé.

Ọmọ fò sókè. Ìyá rẹ̀ jókòó.

"Mọ́mì, àdúrà yín gbà!"

"Ilé ni mo gbàdúrà fún. Ta ló ní kí o lọ bá wọn gbé?"

"Ṣé kí n kọ̀ ọ́?"

Ẹ̀gbọ́n mi wo àwòṣe lórí tábìlì títí. Ó fi etí ìró rẹ̀ nu ojú òrùlé náà.

"Tí o bá débẹ̀," ló wí, "ọjọ́ kan ò gbọdọ̀ lọ kí o má pè mí."

"Mọ́mì, oòrùn kì í yọ níbẹ̀ nígbà òtútù. Ilẹ̀ kì í mọ́."

"Èyíkéyìí tí wọ́n bá ń pè ní ọjọ́ níbẹ̀, ṣáà pè mí nínú rẹ̀."