Ògbufọ̀ Tó Fìdí Rẹmi

Òórùn epo pupa ló máa ń mú mi rántí Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kó rín in. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ni mò ń gbé ní Inísà. Epo ni wọ́n ń tà, Òkukù la sì ti máa ń lọ rà á. Inú ọkọ̀ tó ń gbé wa bọ̀, láàárín kẹ́ẹ̀gì epo, ni mo ti ń kọ́ àkànlò èdè Òyìnbó sórí. Ìdánwò àtiwọ yunifásítì ni mò ń múra sí. Mo ti ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, Gẹ̀ẹ́sì ló sì gbé mi ṣubú lẹ́ẹ̀mejèèjì. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ti là á mọ́lẹ̀ pé èyí ni àṣemọ: bí mo bá tún fìdí rẹmi, Ìkìrun ni màá ti lọ kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán, ọ̀rọ̀ ìwé parí nìyẹn. Èmi tí n ò lè fi òwú bọ abẹ́rẹ́ láìgún ara mi lọ́wọ́!

Tíṣà tó ń kọ́ wa ní lẹ́sìnnì ní Ìkìrun ní ẹnu ni Gẹ̀ẹ́sì ń gbé, pé ẹni tí kò bá sọ ọ́ kò lè mọ̀ ọ́n. Mo gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Mo fi Gẹ̀ẹ́sì ná epo lọ́jà Òkukù, ìyá tó ń tà á fún wa sì bi ẹ̀gbọ́n bàbá mi léèrè bóyá ara mi yá. Mo fi Gẹ̀ẹ́sì bá ọlọ́kadà jà. Bí òjò bá ti ṣú, màá ní ajá àti ológbò ló fẹ́ máa rọ̀, nítorí bẹ́ẹ̀ ni Òyìnbó ṣe ń wí. Àwọn ọmọ àdúgbò á gbójú sókè, wọ́n á máa wá ajá lójú ọ̀run. Lójú ara tèmi ṣáá, mo ti di ọ̀mọ̀wé.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, Yorùbá ni Pásítọ̀ fi ń wàásù. Ṣùgbọ́n nítorí àwọn kọ́pà, àwọn ọmọ ìpínlẹ̀ mìíràn tí ìjọba ń rán wá sìnlú, ẹnì kan máa ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ Pásítọ̀ tí yóò máa túmọ̀ ìwàásù náà sí Gẹ̀ẹ́sì. Ìgbà tó yá, ẹni tó ń ṣe é kó kúrò nílùú. Bí Pásítọ̀ ṣe béèrè ẹni tó lè bọ́ síbẹ̀, ọwọ́ mi ló kọ́kọ́ lọ sókè. Alàgbà ìjọ, tí wọ́n jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, yíjú wò mí.

"Ìwọ tó fìdí rẹmi nínú Gẹ̀ẹ́sì lẹ́ẹ̀mejì? Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run lo wá fẹ́ fi kọ́ṣẹ́?"

Gbogbo ìjọ ló gbọ́ ọ. Ojú tì mí débi pé etí mi ń gbóná, ṣùgbọ́n mi ò sọ ọwọ́ náà kalẹ̀. Pásítọ̀ wò mí títí, wọ́n ní kí n máa bọ̀ lọ́jọ́ Sọ́ńdè.

Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ dáadáa. Àfi ìgbà tí Pásítọ̀ ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo la ẹnu, nǹkan kan ò jáde. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn, ó ń bọ̀ níwájú. Ẹ sáà wò ó: orí ọmọ ń wọ́ lórí pẹpẹ, àgbà kún ṣọ́ọ̀ṣì bámúbámú, ẹ̀rín ni wọ́n ń rín! Alàgbà juwọ́ sí mi pé kí n lọ jókòó. Inú bí mi. Mo di máíìkì mú, mo yíjú sí Pásítọ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ tún un sọ."

Wọ́n tún un sọ. Ohun tí mo fi túmọ̀ rẹ̀ rí jákujàku, àmọ́ kọ́pà kan tó jókòó níwájú mi orí, ó yé e. Mo dúró síbẹ̀ títí ìwàásù fi parí.

Ó di Sọ́ńdè kejì, ẹ̀gbọ́n bàbá mi fi ìjókòó wọn tó wà lẹ́yìn sílẹ̀, wọ́n wá jókòó níwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Alàgbà gan-an. Wọn ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì rárá. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti fi mí rẹ́rìn-ín, wọ́n á yíjú padà, wọ́n á wò ó títí ẹ̀rín náà á fi gbẹ mọ́ ọn lẹ́nu. Láti ọjọ́ Ajé ni màá ti kó àwọn òwe tí Pásítọ̀ fẹ́ràn lọ bá tíṣà lẹ́sìnnì, ká jọ wá ohun tí Òyìnbó ń wí nírú ibẹ̀. Síbẹ̀ àṣìṣe ò tán. Mo ṣáà ń ní kí wọ́n tún un sọ, títí àwọn ọmọdé fi sọ ọ́ di orúkọ mi lójú títì. Bí wọ́n bá pè mí ní Ẹ-tún-un-sọ, màá jẹ́ wọn.

Ìdánwò dé, a ṣe é ní Ìkìrun. Mo jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, kò sí ẹni tó ń fi mí ṣẹ̀sín, mo sì lè ka ìbéèrè lákàtúnkà láìbẹ ẹnikẹ́ni. Ẹni tó ti túmọ̀ ìwàásù ìkórè níwájú gbogbo ìjọ tán, kí ló tún kù tí wọ́n fẹ́ fi dẹ́rù bà á? Nígbà tí èsì jáde, mo yege, yunifásítì sì gbà mí. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi jókòó lórí kẹ́ẹ̀gì epo, wọ́n sunkún. Ìgbà tí wọ́n nu ojú tán, wọ́n ní àwọn ti bá aránṣọ sọ̀rọ̀, kí n lọ bẹ obìnrin náà fúnra mi pé mi ò wá kọ́ṣẹ́ mọ́.

Sọ́ńdè tó kẹ́yìn kí n tó lọ sí yunifásítì, Alàgbà dìde láti dúpẹ́. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi sọ ọ́ nítorí àwọn kọ́pà, èmi ni mo sì máa túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá fún àwọn tí kò gbọ́. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo túmọ̀ rẹ̀. Wọ́n ní ọmọ gidi ni mí, mo túmọ̀ ìyẹn náà, kò nira. Wọ́n wá ní láti ọjọ́ àkọ́kọ́ làwọn ti mọ̀ pé màá yege, pé gbágbágbá làwọn wà lẹ́yìn mi. Mi ò túmọ̀ ìyẹn. Mo rọra yíjú sí wọn.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ tún un sọ."

Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn, ó ń bọ̀ níwájú. Alàgbà húkọ́, wọ́n tún apá agbádá wọn ṣe, wọ́n jókòó. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ń bi mí látorí ìjókòó pé, "Kí ni wọ́n wí? Kí ni wọ́n wí?"

Òkukù ni mo ti ń kọ́ ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì báyìí. Àwọn kan ṣì ń wí pé ìwà àfojúdi ni mo hù lọ́jọ́ náà. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, inú mi sì dùn sí i. Bí mo bá lọ sí Inísà, mo máa ń kúnlẹ̀ kí Alàgbà, wọ́n á sì ṣàdúrà fún mi, nítorí àgbà ni wọ́n. Ṣùgbọ́n gbólóhùn kan ṣì wà nílẹ̀ láàárín wa tí mi ò tíì túmọ̀. Mo ń dúró. Títí dòní, wọn ò tíì tún un sọ.