Ọjọ́ Tí Adéyanjú Di Ìtọ́kọ̀ Mú

Láti ọjọ́ tí Lazarus ti bi Adéyanjú pé kílò mélòó ni ó wọ̀n ni Adéyanjú kò ti fọkàn tán an mọ́.

Ní Barking, ní ìlà-oòrùn London, ló ti bi í, létí odò, níbi tí Adéyanjú ti ń ha èéhù kúrò lábẹ́ ọkọ̀ olówó kan. Ọmọ Ìlàjẹ ni, ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta. Ó mọ ọkọ̀ wà kí ó tó mọ ìwé kà. Ní London, ẹrù ni ó ń kó sínú ọkọ̀ akẹ́rù ní àdúgbò Castle Green láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, ó sì ń tún ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ ṣe ní Sátidé. Lazarus, ẹnjiníà tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń gbé nítòsí Abbey, àwókù ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ Barking, ti ra ọkọ̀ ìgbòkun kan sí Maldives, àwọn erékùṣù inú Òkun Íńdíà. Ó fẹ́ gbé e láti erékùṣù kan lọ sí òmíràn, ìrìn ọjọ́ kan. Ó ní bí ọkọ̀ náà bá gúnlẹ̀ láìfarapa, Adéyanjú ni yóò máa bójú tó o, iṣẹ́ ọdún yíká. Adéyanjú fẹ́ iṣẹ́ náà bí ẹni òùngbẹ ṣe ń fẹ́ omi.

"Kílò mélòó ni ẹ́? Ta ni kí n pè nílé bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀?"

Adéyanjú dáhùn, ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó rò ó lọ́kàn: Ta ní ń wọn èèyàn, bí kò ṣe ẹni tó fẹ́ tà á?

Ó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá Wòlíì Sámúẹ́lì ní ìjọ aláṣọ funfun rẹ̀. Ó ṣàlàyé pé àwọn méjì péré ni yóò wà nínú ọkọ̀. Wòlíì dijú díẹ̀, ó ní, "Ṣọ́ ẹni tẹ́ ẹ jọ wà nínú ọkọ̀." Ìran náà kò le rí. Adéyanjú gbà á bí ẹni gba ìwé àṣẹ.

Òkúta iyùn ni àwọn erékùṣù Maldives. Wọ́n ká bí òrùka sínú òkun, omi jẹ́jẹ́ wà láàárín wọn, ẹnu ọ̀nà tóóró kan sì ni ọkọ̀ ń bá wọlé. Oòrùn gbọ́dọ̀ ga kí awakọ̀ tó lè rí àwọ̀ omi: ibi tó dúdú bí aró jìn, ibi tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú ni òkúta. Bí oòrùn bá ti rọ̀ sí iwájú, gbogbo omi á di dígí. Ìdí nìyí tí Lazarus fi ní kí àwọn gbéra ní aago mẹ́fà òwúrọ̀, kí àwọn lè wọlé ní aago méjì.

Ní aago mẹ́fà ọjọ́ ìrìn náà, Adéyanjú ń tú inú ọkọ̀.

"Kí lò ń wá?"

"Mo kàn ń wo bí ọkọ̀ ṣe rí ni, ẹ̀gbọ́n."

"Abẹ́ tìmùtìmù lọkọ̀ wà?"

Lẹ́yìn náà ni ó ń wọ́n omi sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tí ó ń ka Sáàmù kan tẹ̀ lé òmíràn. Lazarus wo aago.

"Ní ṣọ́ọ̀ṣì tiwa, ìṣẹ́jú márùn-ún la fi ń lé Sátánì. Ṣé tiyín máa ń dúró jẹun ni?"

Adéyanjú ṣí Sáàmù mìíràn. Aago mẹ́jọ ni wọ́n gbéra.

Atẹ́gùn dára. Ìgbòkun wú, ọkọ̀ fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń sáré. Lazarus se ìrẹsì, ó bu tirẹ̀, ó na àwo sí Adéyanjú.

"Mo wà nínú ààwẹ̀, ẹ̀gbọ́n."

"Ààwẹ̀ lójú òkun? Wò ó, nínú ọkọ̀ yìí, èmi náà ti bọ́ bàtà, mo ti di aláṣọ funfun. Jẹun, jàre."

Kò jẹ ẹ́. Ojú rẹ̀ ni Lazarus ṣe jẹ nínú ìkòkò kan náà títí ó fi tán. Ìyẹn kò ní kó yí ọkàn padà: ẹni tó bá fi májèlé sí oúnjẹ mọ ẹ̀gbẹ́ tó fi sí.

Aago mẹ́rin ni wọ́n tó rí orí igi àgbọn. Oòrùn ti wà níwájú wọn. Lóde òkúta, omi jìn ju ibi tí ìdákọ̀ró lè dé lọ, nítorí náà wọn kò lè dúró síbẹ̀. Lazarus mú okùn kan jáde.

"Gun òpó ìgbòkun. Láti òkè, wàá rí òkúta, wàá sì máa fọwọ́ júwe fún mi. Ìdí tí mo fi bi ẹ́ ní kílò nìyẹn, kí n lè ra okùn tó máa lè gbé ẹ."

"Èmi? Kẹ́ ẹ wá tú okùn nísàlẹ̀?"

"Kí ni kí n tú u fún?"

"Mi ò gùn ún."

 Lazarus so okùn mọ́ ìbàdí ara rẹ̀, ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́ta, ó sì ń gùn ún lọ. "Di ìtọ́kọ̀ mú. Apá tí mo bá nà, ibẹ̀ ni kó o yà sí. Má wo omi, ọwọ́ mi ni kó o máa wò."

Ọwọ́ Lazarus nà sí ọ̀tún. Adéyanjú wo ọ̀tún: ìfófòó funfun ń hó níbẹ̀. Ó wo òsì: omi náà ń dán, ó tẹ́jú pẹrẹsẹ. Ó ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé ọ̀gbẹ́ni yìí ti wà lókè, ó ti so ara rẹ̀ mọ́ òpó, èmi nìkan ni omi yóò gbé lọ.

"Ọ̀tún! Adéyanjú, ọ̀tún!"

Ó yà sí òsì.

Ọkọ̀ náà dún bí ìgbà tí wọ́n fa ilẹ̀kùn irin lórí kọnkéré, ó sì dúró gbọnrangandan. Okùn gbé Lazarus lu òpó. Nígbà tí ó fi rọra sọ̀ kalẹ̀, apá kan rẹ̀ ń fì dirodiro, omi sì ti dé kókósẹ̀ wọn nínú yàrá ọkọ̀. Lápá ọ̀tún, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìfófòó náà, ọkọ̀ apẹja kan ń bọ̀ láti wá gbà wọ́n. Ó gba ẹnu ọ̀nà kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́.

Lazarus jókòó sílẹ̀, ó di apá rẹ̀ mú.

"Ṣé o ò rí ọwọ́ mi ni?"

"Mo rí i."

Lazarus ń retí kí ó sọ ìyókù. Adéyanjú kúnlẹ̀, ó ń tú okùn kúrò ní ìbàdí rẹ̀.