Ìkíni Lórí Wáyà Èkó

Nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yí orúkọ ìlú padà sí Banjul, ibi tí wọ́n ti ń so tẹlifóònù ni mo ti ń ṣiṣẹ́, kò jìnnà sí Ọjà Albert tí bàbá mi ti ń ta aṣọ. Wáyà tó lọ sókè òkun kò pọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ bá Èkó sọ̀rọ̀, Lọ́ńdọ̀n ni ohùn rẹ̀ á kọ́kọ́ gbà, nítorí náà èrò Èkó àti èrò Lọ́ńdọ̀n ń du ọ̀nà kan náà. Àwa tá a jókòó nídìí pátákó wáyà là ń pinnu ẹni tó máa wọlé àti ẹni tó máa dúró.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ará Ọ̀fà kan tí ìsọ̀ rẹ̀ wà nítòsí ti bàbá mi wá. Ó ti pẹ́ tó ti fojú kan ìyá rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ ti mú màmá náà lọ síbi tẹlifóònù l'Ékòó. Wáyà ṣí, mo so wọ́n pọ̀.

"Ẹ kú àtijọ́ o, ìyá mi! Ṣé ara yín le?"

"A dúpẹ́. Ìyàwó ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹ kú ìrọ́jú àjò o."

Wọ́n kíra wọn títí, àkókò wọn ń tán lọ, wọn ò tíì bọ́ sórí ọ̀rọ̀ kankan. Ni òtẹ́ẹ̀lì kan ní Cape Point bá pè pé àlejò àwọn ń fẹ́ Lọ́ńdọ̀n kíákíá.

Ọ̀gá wa, àgbà obìnrin kan lára àwọn Aku, ìran Yorùbá tí baba ńlá wọn ti Freetown wá, fi èdè tiwọn bi mí ohun tí wọ́n ń sọ.

"Wọ́n ṣì ń kíra wọn ni, mà."

"Títí di ìsinsìnyí?"

Màmá náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ oríkì ọmọ rẹ̀ ni ọ̀gá gba ohun ìgbọ́rọ̀ létí mi. Kò gbọ́ Yorùbá ju orúkọ oúnjẹ díẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kò yọ ọ́ létí. Òtẹ́ẹ̀lì tún pè, ọ̀gá sì sọ fún mi pé:

"Ní kí wọ́n mú sùúrù. Èèyàn wà lórí wáyà."

Ọkùnrin náà jáde níbi tó ti ń sọ̀rọ̀, ojú rẹ̀ pọ́n, ó ń rẹ́rìn-ín, ó sọ fún mi pé: "Àbúrò, mo gbàgbé ohun tí mo fẹ́ bi wọ́n!"

Ọ̀gá mi ní ohùn oríkì màmá yẹn jọ ti ìyá ìyá òun, nígbà tó bá ń wẹ òun lọ́mọdé.

Àárò ibẹ̀ ṣì ń sọ mí: afẹ́fẹ́ òkun lójú fèrèsé, àti atáyà, tíì wọn gbígbóná tí a jọ ń mu nígbà tí wáyà bá kọ̀, tí kò sẹ́ni tó lè pe ẹnikẹ́ni.