Orúkọ Tí Mo Kọ Sínú Fọ́ọ̀mù Ọmọ-Ọmọ Mi

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ àti ojúlùmọ̀ mi, ẹ fara balẹ̀ kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí láìpẹ́ yìí. Ẹni tó mọ̀ mí mọ̀ pé ẹ̀rù kì í tètè bà mí. Èyí bà mí!

Ìpínlẹ̀ tí a wà nílẹ̀ òyìnbó yìí máa ń fún ọmọ tuntun ní owó ìbẹ̀rẹ̀ fún ẹ̀kọ́ yunifásítì, bí ẹbí bá ti ṣí àkáǹtì ìfowópamọ́ fún un. Ìjọba á fi tiwọn sí i, ẹ̀yin náà á máa fi tiyín kún un. Nígbà tí ọmọ mi obìnrin, Sìdíkátù, tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Des Plaines, bímọ, mo ní èmi ni n óò gbé ẹrù yẹn. Mo ti fẹ̀yìn tì. Kí ni mo tún fẹ́ fowó ṣe?

Nígbà tí ọmọ pé oṣù mẹ́fà, mo pè é pé kó ka nọ́ńbà ìjọba tó jẹ́ ti ọmọ fún mi. Ó ń sáré lọ síbi iṣẹ́. Ó kà á wàràwàrà, ó ní, "Dádì, mo ti pẹ́ o!" ó sì pa fóònù. Mo kọ nọ́ńbà náà sínú fọ́ọ̀mù, mo sì kọ orúkọ ọmọ: Morẹ́nikẹ́. Orúkọ tí èmi fúnra mi sọ ọ́ lọ́jọ́ kẹjọ, tí gbogbo ilé ṣe àmín sí. Ta ló ń béèrè orúkọ ọmọ-ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni?

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, lẹ́tà dé. Wọ́n ní kò sí ọmọ kankan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú ìwé ìbí wọn, pé ọmọ mìíràn ló ni nọ́ńbà náà. Kí n wá ṣàlàyé láàárín ọgbọ̀n ọjọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọn yóò fa ọ̀rọ̀ náà lé àwọn tó ń wádìí jìbìtì lọ́wọ́.

Jìbìtì! Èmi tí mo fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ ọmọ ọlọ́mọ níwèé n'Íbàdàn!

Mo gbé lẹ́tà náà tọ Alàájì kan lọ ní Tinley Park, ẹni tí a jọ máa ń kírun Jímọ̀ọ̀. Ó kà á, ó bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá Sìdí, ọmọ tí kò sí lẹ fẹ́ fi gbowó ìjọba!" Ẹ̀rín náà kú lẹ́nu rẹ̀. Ó bi mí bóyá mo ti di sítísìn. Mo ní rárá, gíríìn káàdì, ìwé ìgbélùú tí ìjọba lè gbà padà, ni mo ṣì ní.

"Háà," ni gbogbo ohun tó sọ, ó sì dìde lọ gbé omi tíì kaná.

Háà yẹn bá mi délé o! Gbogbo ọkọ̀ tó bá rọra kọjá níwájú ilé, èmi ló ń wá. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ẹnìkan kan ilẹ̀kùn. Mo pa tẹlifísàn, mo lúgọ sẹ́yìn àga, èmi bàbá arúgbó! Ẹni tó ń pín ẹrù ni. Ó ṣi ilé mú.

Ẹ ó ní kí ló dé tí n kò pe Sìdíkátù? Ẹ̀rù tó ju ti ọlọ́pàá lọ ló dì mí mú. Bó bá jẹ́ ọmọ mìíràn ló ni nọ́ńbà yẹn, irú ìwé wo wá ni ọmọ mi àti ọkọ rẹ̀ ní lọ́wọ́? Ṣé wọn kò ti kó sí wàhálà tí n kò mọ̀?

Lọ́jọ́ kẹsàn-án tí lẹ́tà dé, òun fúnra rẹ̀ gbé ọmọ wá kí mi. Mo na lẹ́tà náà sí i. Ó kà á tán, ó kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀. Mo ní ó ti parí!

"Dádì, ẹ má bínú. Hafsat ló wà nínú ìwé ìbí rẹ̀."

Ó ṣàlàyé pé ọsibítù ibí kì í dúró de ọjọ́ kẹjọ. Ọjọ́ kejì ni wọ́n ti gbé fọ́ọ̀mù orúkọ wá. Bàbá ọkọ rẹ̀ pè láti Ìlọrin, ó ní Hafsat, òun ni wọ́n sì kọ. Nígbà tí èmi ń gbóhùn sókè sọ Morẹ́nikẹ́, ìwé ti lọ. Mo ní kí ló dé tí wọn kò sọ fún mi?

"Ta ni yóò sọ ọ́, Dádì? Fún ẹ̀yin?"

Ìtura ló kọ́kọ́ dé, pé ọmọ mi kò ṣe ohun burúkú. Ìbínú tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n ta ni n óò bínú sí?

Lọ́jọ́ kejì, àwa méjèèjì gbé ọmọ lọ sí ọ́fíìsì àwọn tó kọ lẹ́tà náà. Ìyá aláwọ̀ dúdú tó wà níbẹ̀ béèrè pé orúkọ mélòó gan-an ni ọmọ yìí ń jẹ́. Sìdíkátù bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka kà. Nígbà tó dórí ìkẹfà, ìyá náà nawọ́ sókè pé ó tó, ẹyọ kan lòun ń fẹ́. Ó fún wa ní fọ́ọ̀mù tuntun.

Sìdíkátù fẹ́ bá mi kọ ọ́. Mo kọ̀. Ọwọ́ mi ló ṣàṣìṣe, ọwọ́ mi ni yóò tún un ṣe. Mo kọ Hafsat, orúkọ tí n kò pè rí. Mo wá kà á sókè kó lè yé mi.

Ọmọ náà yíjú sí mi kíá, ó rẹ́rìn-ín. Ó ti mọ orúkọ rẹ̀ tipẹ́.

Owó ìjọba ti wọlé. Ẹ̀yin àgbà ẹgbẹ́ mi, kí ẹ tó kọ orúkọ ọmọ-ọmọ yín síbikíbi nílẹ̀ yìí, ẹ gba ìwé ìbí rẹ̀ wò. Ẹ má jẹ́ kí ìgbéraga ṣe yín bó ṣe ṣe mí. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ máa sọ òótọ́ fún wa, bí ojú wa tilẹ̀ le. Ta ni irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí? Ẹ kọ tiyín sísàlẹ̀ níbí, kó má dà bíi pé èmi nìkan ló sá sẹ́yìn àga!