Bí Ìbọn Bá Kọ̀, Kí I Ná

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí orí mi kò tíì ga tó ìdajì ìbọn bàbá mi, ọdẹ ni gbogbo ọkùnrin agboolé wa. Ṣakabùlà ni wọ́n ń lò. Wọ́n á rọ ẹ̀tù sí i lẹ́nu, wọ́n á fi ọ̀pá kì í mọ́lẹ̀, wọ́n á wá fi kápù, idẹ kékeré tó ń ta iná sí ẹ̀tù, sí ìdí rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè rò pé téèyàn bá ti yìn ín, ó dún náà nìyẹn. Rárá o. Ìbọn yẹn máa ń kọ̀. Á ní “kà”, á sì dákẹ́ bí aya tó ń bínú.

Ẹ̀yìnkùlé ni bàbá mi ti máa ń dán tirẹ̀ wò. Bó bá kọ̀, kò ní gbé e kúrò léjìká. Á kọjú rẹ̀ sígbó, á wá máa kí i pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́: “Ìbọn, ẹ kú sùúrù. Ìbọn, ẹ má bínú sí wa. Ẹran tó lọ lónìí, ebi á dá a padà lọ́la.” Ẹ̀ẹ̀mẹta ni yóò kí i kó tó sọ ọ́ kalẹ̀. Bàbá mi yìí kan náà, kò sẹ́ni tó ń fi “ẹ” bá sọ̀rọ̀ nínú ilé, àfi ìyá rẹ̀ àti ìbọn. Èmi á sá sẹ́yìn ilẹ̀kùn, màá rẹ́rìn-ín títí inú á fi máa run mí.

Àbúrò bàbá mi kì í bá mi rẹ́rìn-ín sí i. Ojú kan ló ní. Nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀, ìbọn kọ̀ fún un, ó kánjú yí ẹnu rẹ̀ sọ́dọ̀ ara rẹ̀ láti yẹ̀ ẹ́ wò, àṣé iná ṣì ń jó wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ nínú rẹ̀, ló bá dún mọ́ ọn lójú. Orí ló yọ ọ́, ṣùgbọ́n ojú òsì lọ. Mo fẹ́ràn ọkùnrin yẹn gan-an. Bó bá ń sun àgbàdo, á pè mí, á ní, “Jókòó sọ́tùn-ún mi, kí n lè máa rí ọ.”

Sachse, lẹ́bàá Dallas ní Amẹ́ríkà, ni mo ń gbé báyìí, nílé ọmọ mi ọkùnrin. Iṣẹ́ kọ̀mpútà ló ń ṣe, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ọdẹ kò kúrò lára rẹ̀. Ó lọ ra ìbọn ìléwọ́ kan tí wọ́n ṣe bí ti àtijọ́, oníhò mẹ́fà, tí wọ́n ń rọ ẹ̀tù sí ihò kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ tí mo gbọ́ òórùn ẹ̀tù yẹn nínú gàráàjì, inú mi dùn, ó ṣe mí bí ẹni pé bàbá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ toko dé. Nígbà tó di Sátidé, ó gbé èmi àti ọmọbìnrin rẹ̀ lọ sí pápá ìyìnbọn.

Ó yìn ín lẹ́ẹ̀mejì, ó dún. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta ní “kà”. Òróró tó fi nù ún ti kan ẹ̀tù.

“Mummy, kò dún o. Ẹ jẹ́ n check ẹ̀.”

Ọwọ́ rẹ̀ ti ń yí, ẹnu ìbọn ti ń bọ̀ wá sójú rẹ̀. Ojú òsì àbúrò bàbá mi ni mo rí.

“Má yí i! Kọjú ẹ̀ síwájú! Dúró bẹ́ẹ̀!”

Igbe tí mo ké la ohun tó fi bo etí kọjá. Bí ìyá Yorùbá bá ké báyẹn, ara ọmọ á kọ́kọ́ gbọ́ kí ọpọlọ rẹ̀ tó gbọ́. Ó kọjú ìbọn síwájú, ó dúró gbagidi. Bí ẹnu mi ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, láìbi mí: “Ìbọn, ẹ kú sùúrù. Ìbọn, ẹ má bínú sí wa...”

Ọmọ-ọmọ mi ní, “Grandma, who are you talking to?”

N kò tíì dé ibi “Ẹran tó lọ” tí ìbọn fi dún gbàù! Ọta wọnú òkìtì yẹ̀pẹ̀ iwájú lọ.

Bàbá òyìnbó tó ń bójú tó pápá náà sáré dé. Ó ní ohun tí àwọn ń kọ́ èèyàn gan-an nìyẹn: bí ó bá kọ̀, kọjú rẹ̀ síwájú, ka oókan títí dé ọgọ́ta. Ó bi wá pé kí ni mo ń sọ. Ọmọ-ọmọ mi dáhùn pé, “She was greeting it.” Bàbá náà ṣí fìlà fún mi.

Inú mọ́tò ni mo ti sunkún díẹ̀, tí mo sì rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn gbogbo ọdún wọ̀nyí ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé kì í ṣe ìbọn ni bàbá mi ń bẹ̀. Kò ní aago lọ́wọ́. Kíkí yẹn ni aago rẹ̀, ojú àbúrò rẹ̀ ló sì fi rà á.

Ayé ti yí o. Fóònù ń ka ìṣẹ́jú fún gbogbo ayé, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó ní sùúrù. Àmọ́ lánàá, ilẹ̀kùn gàráàjì kọ̀, kò ṣí. Mo gbọ́ tí ọmọ-ọmọ mi ń sọ fún un pé, “Ilẹ̀kùn, ẹ kú sùúrù.” Bàbá rẹ̀ wò mí, a jọ bú sẹ́rìn-ín. Ojú méjèèjì ló fi wò mí.