Yìnyín Tí Mo Dín Kù

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Muṣin, ọmọ tí kì í dúró gbọ́ ọ̀rọ̀ tán ni mí. Bí wọ́n bá ní kí n lọ ra iyọ̀, mo ti dé ìta kí wọ́n tó sọ iye tí mo máa rà. Ẹ̀yin ọmọ mi, ìwà yìí náà ni mo gbé wọ ẹnu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì nígbà tí mo dàgbà. Ọ̀gá mi àkọ́kọ́, mẹ́trọ́n ilé ìwòsàn kékeré kan ládùúgbò tí mo ń gbé nígbà yẹn, ló bá mi wo ìwà náà sàn.

Ìjẹ̀ṣà ni, ó pẹ́lẹ́ńgẹ́, kì í pariwo. Bí a bá fẹ́ lọ gún àwọn ọmọdé ní abẹ́rẹ́ àjẹsára níbì kan, yóò ti kọ́kọ́ fẹsẹ̀ rìn débẹ̀ lọ́jọ́ tó ṣáájú. Lọ́jọ́ kan, ó ní ká jọ lọ.

Mo ní, "Màmá, mo mọ ibẹ̀ dáadáa. Àdúgbò tí wọ́n bí mi sí ni."

Ó ní, "Ìgbà wo lo débẹ̀ kẹ́yìn?"

Mo tẹ̀ lé e. A rìn lọ nínú oòrùn. Ó wo ibi tí ibòji máa wà, ó bèèrè ẹni tí kọ́kọ́rọ́ gbọ̀ngàn àdúgbò wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó tún yà sọ́dọ̀ obìnrin kan tó ń ta ẹja inú yìnyín, ó kí i títí, ó wá bẹ̀ ẹ́ pé kó fi yìnyín díẹ̀ pa mọ́ dè wá. Inú ń bí mi. Kí ló kan ẹja kan abẹ́rẹ́?

Lọ́jọ́ kejì, èmi ni mo di àpótí oògùn. Ike yìnyín mẹ́rin ló yẹ kí n kó sí i kí oògùn má bàa gbóná bàjẹ́. Àmọ́ èmi náà ni mo máa gbé e kọ́ èjìká. Mo kó méjì sí i.

Àwọn ìyá pọ̀ ju bí a ti rò lọ. Ọ̀kan ti ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa, ó pọn ọ̀kan nínú ìbejì rẹ̀, ó gbé èkejì dání. Kó tó kàn án, mo ṣí àpótí, yìnyín ti ń di omi. Bí oògùn bá bàjẹ́, a ó dá gbogbo wọn padà sílé, àwọn mìíràn ò sì ní wá mọ́.

Mẹ́trọ́n yọjú wo inú àpótí. "Sáré lọ sọ́dọ̀ ẹlẹ́ja."

Mo sáré. Obìnrin náà ti di yìnyín sínú ọ̀rá dè wá. Oògùn ò bàjẹ́. Gbogbo ọmọ ló gba abẹ́rẹ́, títí kan àwọn ìbejì.

Ìgbà tí a ń palẹ̀ mọ́ ló tó bi mí: "Mélòó lo kó sí i?"

"Méjì, mà. Ó wúwo."

Ó ní, "Èjìká rẹ lo rò. Ta ló yẹ kó ro ti àwọn ọmọ yìí?"

Omi bọ́ lójú mi. Láti ọjọ́ náà títí èmi náà fi di mẹ́trọ́n, tí mo sì fẹ̀yìn tì, mi ò jáde láìtú ẹrù mi wò lẹ́ẹ̀mejì. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Ayé ti yí padà. Oòrùn ló ń gbé iná fún fíríìjì oògùn báyìí, orí fóònù ni wọ́n ti ń ránṣẹ́ sí àwọn ìyá. Ó dùn mọ́ mi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru mi wò ní Sábó. Nọ́ọ̀sì ọ̀dọ́ kan ti to ohun èlò rẹ̀ kalẹ̀, ó ti ka fáìlì mi tán kí n tó jókòó. Mo bi í pé ta ló kọ́ ọ.

Ó bojú wẹ̀yìn, ó rẹ ohùn sílẹ̀: "Ọ̀gá wa ni, mà. Wọ́n ti le jù!"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní kó bá mi kí wọn dáadáa.